Rọ́bà Bíréèkì Tí Mo Fi Òrí Pa Lára

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin kò lè parọ́ fún mẹkáníìkì, ẹ ní kó wá bá mi ní Kàbà. Mo ti pa á rí. Mo pa á dáadáa, mo tilẹ̀ dì í sínú ọ̀rá. Ohun tí n kò rò nígbà náà ni pé irọ́ tí mo fi sínú bíréèkì mọ́tò, èmi náà ni yóò jókòó sínú mọ́tò ọ̀hún.

Ọkọ mi ló ni mọ́tò náà. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú ni, ó ti ṣiṣẹ́ fún òyìnbó kó tó ṣiṣẹ́ fún wa. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn mọ̀lẹ́bí jókòó lórí ohun tó fi sílẹ̀. Oko kò fa wàhálà, ilé kò sì fà á, nítorí àwa la wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni wọ́n fi odidi òwúrọ̀ kan sọ. Ọmọ àbúrò ọkọ mi kan wà ní Lọ́kọ́ja tó ránṣẹ́ pé òun yóò máa fi kó èrò. Àwọn kan ní obìnrin kò mọ mọ́tò tọ́jú, pé kó tó pé ọdún kan màá ti sọ ọ́ di ilé adìẹ. Mo jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ìbínú mi sì fẹ́ẹ̀ ju ẹkún mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló parí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Dírẹ́bà ìjọba ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ilọrin títí di ìgbà tí wọ́n gbé wa fún Lọ́kọ́ja, kò sì sí ohun tí èèyàn lè sọ fún wọn nípa mọ́tò. Wọ́n ní kí mọ́tò wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ dúpẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kù.

"Ọjọ́ tí mọ́tò yìí bá dójú ti ilé yìí ní gbangba, ọjọ́ náà ni màá gba kọ́kọ́rọ́, a ó sì gbé e fún ti Lọ́kọ́ja."

Gbogbo ilé ló gbọ́, èmi náà sì gbọ́. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé wà lọ́nà Mopa, bí kò bá sí mọ́tò, a jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni màá máa há mọ́ èrò mẹ́rin lẹ́yìn takisí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìjókòó dírẹ́bà mọ́tò yẹn, ọkọ mi ti jókòó sórí rẹ̀ títí ó fi jìn wọlé. Inú kòtò yẹn ni mo ń jókòó sí báyìí tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ti gbìyànjú láti fi tìmùtìmù dí i lẹ́ẹ̀kan, kò pé kílómítà kan tí mo fi yọ ọ́ kúrò. N kò fẹ́ kí ará Lọ́kọ́ja kankan gbé ìdí síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò lóṣooṣù. Ọjọ́ Àìkú tó bá parí oṣù, bí a bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá ni ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, Bàbá á ti na ẹsẹ̀ lọ sídìí mọ́tò. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á rọra yí i ká. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ táyà, wọ́n á ṣí ẹ̀yìn mọ́tò wò, wọ́n á gbọ́ òórùn èéfín rẹ̀. Imú Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí, kò láfiwé ní gbogbo Kàbà. Èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń yẹ èékánná rẹ̀ wò.

Fún oṣù mélòó kan, wọn kò rí ẹ̀sùn kankan. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú wo àárín ihò ríìmù táyà iwájú, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ló dé tí irin bíréèkì rẹ rí bí ìdí ìkòkò?"

Kalípà ni wọ́n ń wí, irin tó máa ń fún páàdì bíréèkì mọ́ra kí táyà lè dúró. Ó ti dípẹtà, ó sì ti dúdú. Kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ń wò, nítorí ẹ̀yìn táyà ló wà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mẹ́ta yòókù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo pinnu níbẹ̀ pé nígbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ wo ihò yẹn, ohun tí wọ́n máa rí á mú wọn nu ojú.

Oṣù ń lọ sópin kí n tó ráyè lọ bá mẹkáníìkì. Ará Mopa ni, ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa tún mọ́tò ṣe, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í pé aago mélòó ló lù, yóò kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ ná. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí kalípà mi méjèèjì tó wà níwájú pupa. Ó nu ọwọ́. Ó ní bí òun bá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún, ooru á bó o, ọ́ìlì bíréèkì á sì jẹ ẹ́. Ó ní ọ̀dà páúdà ló dára jù, èyí tí wọ́n ń fẹ́ sára irin tí wọ́n á sì fi yan nínú ààrò títí yóò fi yọ́ mọ́ ọn lára. Ọkùnrin kan wà nínú ìlú tó ń fi kun géètì àti irin ojú fèrèsé. Ó ṣí kalípà náà lójú mi kí n lè mú un lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rọ́bà ti wọlé. Ó fi hàn mí pé inú kalípà kọ̀ọ̀kan ni irin roboto kan wà tí ọ́ìlì máa ń tì jáde, tó máa ń ti páàdì. Rọ́bà méjì ló ń ṣọ́ irin yìí: ọ̀kan wà nínú, ó rí bí òrùka, òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, èkejì wà lóde bíi fìlà, òun ni kì í jẹ́ kí eruku wọlé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ó ní bí wọ́n bá gbé e sínú ààrò pẹ̀lú rọ́bà, rọ́bà á jóná, nítorí náà òun ti yọ gbogbo rẹ̀. Ìyẹn yé mi. Mo wá bi í pé tí ọ̀dà bá ti gbẹ, ṣé a ó dá wọn padà síbi tí wọ́n wà.

Ó ní, "Tíṣà, rọ́bà tí a bá ti yọ, a kì í dá a padà. Tuntun la máa fi sí i."

Mo bi í bóyá wọ́n ti ya. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá wọ́n ń jò tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ó nu ọwọ́, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n ti pẹ́ lójú kan, wọ́n ti gba àwòrán ibi tí wọ́n jókòó sí, bí a bá sì yọ wọ́n kúrò níbẹ̀, wọn kò ní í jókòó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èmi tí mò ń wa mọ́tò nínú kòtò ìdí ẹlòmíràn. Kò yé mi, nítorí etí mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, ìpàdé mọ̀lẹ́bí di ọjọ́ Àìkú, ó sì ní Ilọrin ni òun máa ránṣẹ́ sí fún rọ́bà náà, tí dírẹ́bà kan á sì bá òun mú un wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe owó ni mo ń ṣọ́. Ọjọ́ Àìkú ni.

Mo bá sọ fún un pé mo ní ẹnì kan tó ń lọ sí Ilọrin lónìí, tí yóò padà lọ́la, pé òun ni yóò rà á wá. N kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí Ilọrin. Ó gbà mí gbọ́, ó sì wé rọ́bà mẹ́rin àtijọ́ náà sínú bébà fún mi kí ẹni náà lè fi ra irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kalípà méjì sínú abọ́ ìfọṣọ, mo gbé e lọ bá ọlọ́dà páúdà. Èèyàn dáadáa ni. Ó fi iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń tì fọ́n ìpẹtà kúrò títí irin náà fi funfun. Ó fi nǹkan dí gbogbo ihò tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ wọ̀, ó gbé wọn kọ́ sórí wáyà. Páúdà náà rí bí ata gígún. Ó fẹ́ ẹ jáde láti ẹnu ìbọn kan, ó sì lẹ̀ mọ́ irin láìsí omi, láìsí epo. Ó ní iná mànàmáná ló ń mú un lẹ̀. Ààrò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi páànù ṣe é, ó sì ga tó ilẹ̀kùn. Mo bi í bí ooru rẹ̀ ṣe tó, ó ní ó ju ti búrẹ́dì lọ díẹ̀. Èmi tí mo ti kọ́ àìmọye ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì, mo dúró ti ilẹ̀kùn ààrò náà, mo sì ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó ṣí i. Ìgbà tó wù ú ló ṣí i.

Kó tó gbé wọn wọlé, ó ti bi mí bóyá kò sí rọ́bà kankan nínú wọn. Mo ní rọ́bà wà nínú báàgì mi. Ó ní kí n rí i pé mo ra tuntun o. Mo ní, "Tò." Irú tò, ìyẹn ó dáa, tí à ń sọ fún dókítà ni.

Àṣé nǹkan tó dára wà láyé. Pupa tó jáde nínú ààrò yẹn, àfi tàtàṣé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi ṣàn. Mo fi èékánná ta á, ó dún. Mo gbé wọn lé itan nínú kẹ̀kẹ́ títí mo fi délé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wúwo, wọ́n sì ṣì gbóná.

Ó wá ku rọ́bà. Mo tú bébà náà sórí tábìlì ìdáná. Wọ́n dọ̀tí, wọ́n gan, wọ́n sì ti là wẹ́wẹ́ létí bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n mọ́, mo sì sá wọn. Wọ́n mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gan. Mo wá jókòó, mo ronú bí olùkọ́. Kí là ń ṣe fún gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́? Òrí ni. Mo sì ní òrí gidi nílé, tí wọ́n mú wá fún mi láti Odò-Ape, èyí tí mo fi ń pa orúnkún mi nítorí ìkúnlẹ̀ gbogbo ìgbà. Mo bu ú sínú àwo kékeré, mo fi pa rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára tinútòde, mo fi wọ́n sílẹ̀ kó wọ̀ wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti rọ̀, wọ́n ń dán, wọ́n tilẹ̀ ti sanra díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń dá sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn mẹkáníìkì ìlú yìí ló yẹ kó wá jókòó ní kíláàsì mi. Mo nù wọ́n, mo kó wọn sínú ọ̀rá funfun tó mọ́, mo sì fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí àwọn tó ń ta ẹ̀pà ti ń ṣe. Kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní í sọ pé ilé ìtajà ló ti wá.

Mẹkáníìkì já ọ̀rá náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó gbé e sí imú. Ó bi mí bóyá wọ́n ti ń fi lọ́fínńdà sí rọ́bà láyé ìsinsìnyí ni. Mo ní nǹkan ti yí padà ní Ilọrin. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n, ó ní wọ́n fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó ń ti irin roboto náà padà sínú kalípà, ó là á lóòógùn. Ó dúró, ó nu ọwọ́, ó wò mí.

"Tíṣà, ṣé tuntun nìyí?"

"Tuntun ni."

Ó di gbogbo rẹ̀ padà, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. A wà á yí ọgbà rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, bíréèkì mú. Ó ní kí n máa rọra wà á, kí n sì mú un padà wá lọ́jọ́ Ajé kí òun tún un wò.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé mọ́tò sí ibi tí gbogbo ìjọ á ti rí i bí wọ́n bá ń jáde. Èèyàn méjì bi mí bóyá mọ́tò tuntun ni. Mo ní a ń dúpẹ́. Nígbà tí mo gbéra lọ sí ilé Bàbá, mo rí i pé mọ́tò ń wúwo, bí ẹni pé èèyàn kan dì í mú lẹ́yìn. Òórùn òrí tó yọ́ sì kún inú rẹ̀. Mo rò pé orúnkún mi ni.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa. Okun ni à ń kí ara wa, ìkíni yìí náà ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Ṣùgbọ́n a kì í ju okun sí àgbà láti ojú fèrèsé mọ́tò. Ìyàwó ilé tó bá ń wa mọ́tò bọ̀ tó rí àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó, yóò dúró, yóò pa iná mọ́tò, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò ní okun o, yóò sì dúró lórí ìkúnlẹ̀ títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Òjò kò yọ èèyàn nínú rẹ̀, ìkánjú kò sì yọ ọ́. Ìyàwó kan wà ní àdúgbò wa tó juwọ́ sí àwọn àgbà láti inú mọ́tò ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, wọ́n ṣì ń fi kọ́ àwọn ìyàwó tuntun.

Ilé Bàbá wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀nà náà sì tún gòkè díẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn. Bí mo ṣe yọ lórí òkè, mo rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹrẹ̀. Mo tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ léraléra, mo já jíà sílẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́, mọ́tò pohùn réré, kò dúró. Ó fà sẹ́yìn títí kò yára ju básíkù lọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Àwọn àgbà ti ń na ọrùn láti wo ihò ríìmù mi. Mo ń kọjá lára wọn, mo súnmọ́ wọn débi pé mo rí obì lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn.

Kí ni mo máa ṣe? Mo yọ orí síta, mo ní, "Okun o, ẹ̀yin bàbá." Mo sì ronú pé kò yẹ kí n nàró kí wọn, mo bá fa orí padà wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ ba níbi tí mo wà. Iwájú orí mi gbá ọwọ́ ìwakọ̀, fèrè mọ́tò sì dún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọjá lójú àwọn àgbà ilé ọkọ mi láìdúró, tí mo sì fun fèrè mọ́ wọn kí wọ́n kúrò lọ́nà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara wọn.

Òkè kékeré tó wà níwájú ló gbà mí. Mọ́tò gùn ún, agbára rẹ̀ tán, ó fẹnu sọlẹ̀ sínú òkìtì iyanrìn ẹnì kan tó ń kọ́lé. Mo fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà. Bí ọmọdé bá wà lójú ọ̀nà yẹn ńkọ́? Mo jókòó sórí iyanrìn, mo sunkún díẹ̀. Nígbà tí mo wo ihò ríìmù, ọ́ìlì bíréèkì àti òrí ti dàpọ̀, ó ń kán tó, tó, tó lórí pupa mi. Ọ̀dà náà kò bó. Ó ń dán bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí.

Mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń pè mí láti ìsàlẹ̀. Mo fi ìborùn nu ọ́ìlì náà, mo dìde, ọgbọ́n sì dé sí mi bí mo ṣe ń rìn padà. Bí mo bá ní bíréèkì ló já, a jẹ́ pé mọ́tò ti dójú ti ilé ní gbangba. Kọ́kọ́rọ́ á lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ará Lọ́kọ́ja á sì jókòó sínú kòtò ọkọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ìgbéraga ló ṣe mí, èmi ni ojú máa tì, mọ́tò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti di agbéraga.

Mo kúnlẹ̀. Ẹni tó ní obì lẹ́nu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, a ò mọ̀ pé a ti di òpó iná lójú rẹ."

Mo ní kí wọ́n foríjì mí, pé ọ̀dà pupa tí mo kùn ló gùn mí, pé mo fẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe ń yí. Mo ní ẹ̀mí ìgbéraga burú. Bí mo ṣe ń bú ara mi tó ni ojú wọn ń rọ̀, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ àgbà nínú tó kí èèyàn jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ti ń fura sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ra jígí ojú aláwọ̀ dúdú. Bàbá nìkan ni ojú wọn kò sí lára mi. Wọ́n ń wo mọ́tò lókè lọ́hùn-ún, ihò imú wọn sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní, "Bíréèkì ńkọ́?"

Mo ní, "Ó dára, Bàbá."

Wọ́n ní, "Tò."

Àwọn yòókù fẹ́ kí n mú òbúkọ wá. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó fi mọ́tò gbéraga, ẹsẹ̀ ni yóò fi bẹ̀bẹ̀. Fún ọjọ́ méje, ní gbogbo òwúrọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn wá kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí mọ́tò náà sì wà lórí iyanrìn tó wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà á. Inú bí mi gan-an. Ọjọ́ méje nínú eruku, láti ilé mi wá, kí n tún lọ há mọ́ èrò mẹ́rin lọ sí ọ̀nà Mopa. Mo ní ọkàn wọn le. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fóònù mẹkáníìkì, mo jẹ́wọ́ fún un: kẹrosíìnì, òrí, ọ̀rá, àbẹ́là, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo mọ̀ pé ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ ná. Ó wá ní epo àti òrí kì í bá rọ́bà bíréèkì gbé, wọ́n máa ń wú u ni. Pé rọ́bà náà ti kọ́kọ́ wú, ó há irin mọ́bẹ̀, ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi ń wúwo, nígbà tó sì gbóná tán, ó ya. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ní òun á ránṣẹ́ sí Ilọrin.

Mo ń lọ kí wọn ní àràárọ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo rí i pé Bàbá ti ní kí wọ́n fi tapólì ńlá kan bo iwájú mọ́tò títí dé ilẹ̀. Wọ́n ní kí adìẹ má baà yàgbẹ́ sí i. Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi lọ́wọ́ adìẹ, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá kọjá kò ní í rí ọ́ìlì tó ń kán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, rọ́bà dé. Lọ́jọ́rú, mẹkáníìkì wá sí ibi òkìtì náà, ó wọ abẹ́ tapólì, ó sì pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn àgbà bi í pé kí ló ń ṣe. Bàbá ló dá wọn lóhùn pé ó ń nu eruku ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, Bàbá nìkan ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní okun o. Wọ́n dá mi lóhùn. Mo fẹ́ dìde.

Wọ́n ní, "Rọ́bà ti dé láti Ilọrin?"

Mo tún kúnlẹ̀ padà. Mo ní, "Ó ti dé, Bàbá."

"Tuntun?"

"Tuntun ni."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní nígbà tí mo kọjá lọ́jọ́ Àìkú, òórùn kan fẹ́ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn sì bi ara àwọn pé ta ló gbé ọmọ tuntun kọjá. Wọ́n ní àwọn ti wa mọ́tò ìjọba lójú òjò àti lójú oòrùn, àwọn ti gbọ́ òórùn bíréèkì tó jóná, àwọn ti gbọ́ ti kúlọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bíréèkì tó fi òrí para, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi gba kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n ní, "Mo ní bí mọ́tò bá dójú tì wá. Ìwọ lo ní ìwọ lo dójú tì wá. Èwo wá ni ti mọ́tò níbẹ̀?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Mo ti fi ọwọ́ mi sin àbúrò mi. N kò fẹ́ sin ìyàwó rẹ̀ nítorí rọ́bà mẹ́rin. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Omi ti bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, mo ti rò pé mọ́tò ni Bàbá ń yẹ̀ wò lóṣooṣù. Mo gbé mọ́tò kúrò lórí iyanrìn lọ́jọ́ náà, mo sì tẹ bíréèkì ní ìgbà mẹ́ta níwájú ilé wọn, kí wọ́n lè rí i.

Nígbà tí oṣù tún parí, mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo rọra dúró, mo pa iná, mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wò mí. Bàbá ti dìde, wọ́n ti fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Wọ́n yí mọ́tò ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo kalípà pupa náà láàárín ihò ríìmù, wọ́n sì fa imú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Okun, ìyàwó," kí orúnkún mi tó kanlẹ̀.